Ọ̀pẹ Ìyá àti Owó Oṣù Tísà

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì 2025

Inú ọjà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú ìwé yìí, mi ò sì san owó rẹ̀. Mo ti jẹ ara mi ní gbèsè kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀.

Jùlí ìyàwó mi ló fà á. Ó ń ṣa ẹ̀wà láàárọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Bàbá Òkìkí, èló gan-an lẹ jẹ níta?" Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó ní òun ò bi mí bóyá ó pọ̀, èló lòun bi mí. Mo wọ bàtà, mo jáde. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń sá fún obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà.

Ohun tí mi ò lè sọ lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Mẹ́ta ni wọ́n.

Aláago. Owó tí mo yá lórí fóònù nígbà tí ẹ̀rọ fotokọ́pì bàjẹ́ lóṣù kọkànlá. Mi ò mọ ojú wọn, mi ò mọ ilé wọn, ago fóònù nìkan ni mo mọ̀ wọ́n mọ́. Owó kékeré ni nígbà tí mo gbà á. Ó ti dàgbà.

Kọpuretífù. Owó tí mo fi ra ẹ̀rọ náà gan-an. Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan tó ń gba owó oṣù wá kó dúró fún mi, Tísà Motọ́lání sì dúró. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkìtìpupa níbí. Ará Ìkirè ni, kò ní ẹbí kankan lágbègbè wa. Ohun tó kù kí n san sún mọ́ irínwó ẹgbẹ̀rún náírà. Mi ò tíì san nǹkan kan láti oṣù kẹwàá.

Ọ̀pẹ Ìyá. Oko ọ̀pẹ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìjù-Odò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú Ìyá, owó ò sí, Ìyá fúnra wọn ló ní ká fi ọ̀pẹ dógò lọ́dọ̀ Adéríbigbé. Irínwó ẹgbẹ̀rún. Títí a ó fi dá owó náà padà, òun ló ń kọ ẹyìn, òun ló ń fún epo. Kò gba èlé. Ẹyìn ni èlé. Ọdún kẹta rèé.

Èsúsú yóò kàn mí ní ìparí oṣù yìí. Irínwó ẹgbẹ̀rún, kò lé, kò dín. Ó tó ọ̀kan nínú àwọn ńlá méjèèjì. Kò tó méjì.

Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì

Aláago ti pè kí n tó fọ ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 16 Jánúárì

Mo lọ sí Ìjù-Odò. Ọ̀kadà gbé mi gba inú eruku ọyẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá, gbogbo irun orí mi ti funfun. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn rò pé bàbá mi ló ń bọ̀ wá bèèrè oúnjẹ.

Wọ́n ń ha dúdú iná kúrò lára púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a fi èéfín iná gbẹ, lẹ́yìnkùlé. Ojú wọn ti là dáadáa, wọ́n ń rí gbogbo nǹkan. Èyí gan-an ni ìyà mi. Iwájú ilé wọn ni àwọn alágbàṣe Adéríbigbé máa ń gbà kọjá bí wọ́n bá ru ẹyìn. Ìyá ní, "Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ní báyìí mo ń rí bí ẹyìn náà ṣe pọ́n tó." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kí wọ́n bínú.

Adéríbigbé ti ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì lòun máa ṣán abẹ́ ọ̀pẹ. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Níbi tiwa, ẹni tó bá ti ṣán abẹ́ ọ̀pẹ lọ́dún ló ni ẹyìn ọdún náà. O lè gbé gbogbo owó wá lọ́jọ́ kejì, kò níí gbà á, kò sì ṣẹ̀ ọ́. Ó ti náwó alágbàṣe. O máa dúró di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ló tún — mi ò fẹ́ kọ ìyẹn parí.

Nígbà tí mò ń lọ, wọ́n di púpurú méjì fún mi nínú ọ̀rá. Wọ́n ní kí n má tíì ronú kan ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n ní, "Ojú mi ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹnu rẹ." Mo ronú kàn án títí mo fi délé.

Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Tísà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i lókèèrè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí bíi kí n wọ abẹ́ tábìlì.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Ọjà ńkọ́?" Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ò tíì wọlé, kò sí ọjà. Ó ní òun mọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra orí ẹ̀rọ fotokọ́pì bíi pé ọmọ ẹnì kan ni. Ó wá sọ ọ́. Gbádégẹṣin, akọ̀wé kọpuretífù, ti pè é. Bí mi ò bá san àwọn oṣù tí mo fò kí wọ́n tó kọ ìwé owó oṣù yìí, wọn yóò gbé gbogbo gbèsè náà sí i lórí, wọn yóò sì máa yọ ọ́ nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi tán.

Ó ní, "Ẹ má bínú pé mo wá. Onílé ló ní òun fẹ́ gba owó ilé lóṣù kejì." Èmi ni mo jẹ gbèsè, òun ló ń bẹ̀ mí.

Mo ní kó má fòyà, kó tó di ọjọ́ Ẹtì màá ti san ti àwọn oṣù yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ ṣe mí lóore." Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ìdánwò ló ń sọ, èyí tí mo bá a tẹ̀ láwìn lọ́dún tí owó oṣù wọn pẹ́. Bébà lásán. Ó fi bébà lásán dúró fún mi.

Àìkú, 19 Jánúárì

Ìgbéyàwó ni Pásítọ̀ wàásù lé lórí. Gbèsè ni mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọjọ́rú, 22 Jánúárì

Ọlọ́run gbọ́. Ẹbí kan láti Ìlútítun wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú, aláwọ̀ mèremère, wọ́n sì san gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olóògbé, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Nígbà tí mo yọ owó bébà àti ti íǹkì kúrò, ohun tó kù tó àwọn oṣù tí mo fò ní kọpuretífù. Mo dì í sínú àpòòwé. Mo kọ "Tísà" sí i lára kí ọwọ́ mi má baà ṣìnà.

Mo sọ fún Jùlí, ìyẹn kọpuretífù nìkan. Ó ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló ń ṣe mí gan-an?

Ẹtì, 24 Jánúárì

Mi ò lè jẹun.

Mo ti wà lójú ọ̀nà sí ọ́fíìsì Gbádégẹṣin, àpòòwé wà láyà mi, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kì í sì í ṣe Aláago ló ń pè. Àbúrò Jùlí ni. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àna mi, fọ́tò yín yẹn dáa o. Ta ló yà á?" Mo ní fọ́tò wo? Ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ojú mi rèé gbàgà, Aláago kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni mí, mo gbé owó wọn sá lọ, kí gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ṣọ́ra.

Gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Pásítọ̀. Ìyá Èsúsú. Àwọn ará Ìlútítun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wé fún. Tísà.

Mo dúró létí títì. Mo rò pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ti rí i. Ọlọ́kadà kan wò mí, mo ní òun náà ti rí i. Bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Mo yà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS, mo tú àpòòwé, mo san ti Aláago tán. Gbogbo rẹ̀.

Fóònù ti dákẹ́ láti ọ̀sán. Ìdákẹ́jẹ́ náà ò dùn mọ́ mi.

Ẹni tó pariwo jù ni mo san fún. Kì í ṣe ẹni tí mo ṣèlérí fún.

Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Jùlí gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó ní "Oúnjẹ rèé, Ọ̀gbẹ́ni Fọ́tò."

Ọjọ́ Ajé, 27 Jánúárì

Tísà dé. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ — pé Gbádégẹṣin ò sí ní ọ́fíìsì. Kò jẹ́ kí n pa á. Ó ní Gbádégẹṣin ti sọ fún òun pé mi ò yọjú.

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò ba ojú jẹ́. Ó ní, "Mo rí fọ́tò náà. Ó yẹ kẹ́ ẹ san án lóòótọ́, ìtìjú ńlá ni." Ó wá ní, "Èmi ò kàn mọ ariwo pa ni, Bọ̀dá."

Ó ra báírò kan. Ó san owó rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

Mo tọ Adéríbigbé lọ. A jọ ka ìwé mẹ́fà ni, nítorí náà kò sí ìtìjú láàárín wa, tàbí ó yẹ kó má sí. Mo ní tí mo bá gba èsúsú, kó jẹ́ kí n fún un ní ìdajì kó má ṣán abẹ́ ọ̀pẹ, kí n fi ìdajì tó kù pa Gbádégẹṣin lẹ́nu mọ́.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìdajì kẹ̀? Dúró, ṣé apá ọ̀tún ọ̀pẹ ni màá máa kọ ni, kí n fi apá òsì sílẹ̀ fún ọ?" Àwọn tó jókòó tì í náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun burú. Bàbá òun gba ìdajì owó ìdógò lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà kan, ọmọ ẹni náà àti ọmọ bàbá òun ló gbé àdá síra wọn nídìí ọ̀pẹ nítorí pé ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín mọ́. "Gbogbo owó, tàbí kó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé. Mi ò níí bínú sí ọ lọ́nàkọnà."

Kò parọ́. Kò tilẹ̀ ṣe ohun tí mo lè fi kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Gbádégẹṣin ní ìwé owó oṣù ti lọ. Ìdajì kò lè dá nǹkan kan dúró. Bí mo bá san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, òun á kọ̀wé pé kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀ lára Tísà. Ọjọ́ Ajé náà. Bíi pé òun àti Adéríbigbé jọ ṣèpàdé.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Jùlí. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Tísà ń gba owó oṣù. Ìyá yín ń gba kí ni?" Mo ní Tísà ò mọ ẹnikẹ́ni níbí. Ó ní, "Ẹni kan tó mọ̀ ló kó o sí gbèsè." Mi ò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn gbè lẹ́yìn. Bóyá òun náà ò mọ̀.

Ẹtì, 31 Jánúárì

Owó èsúsú ti wọlé. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì

Mo ti san án. Kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ fún ara mi lọ́nà mìíràn.

Mo jí, mi ò tíì mọ ibi tí mò ń lọ. Mo dúró níbi tí ọ̀kadà máa ń wà. Bí mo bá sọdá, ọ́fíìsì Gbádégẹṣin. Bí mo bá dúró níbi tí mo wà, Ìjù-Odò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdí rẹ̀ fún ara mi. Ìyá ti dàgbà. Tísà ṣì kéré. Ọ̀pẹ, bó bá lọ, ọdún kan lọ. Owó oṣù, bí wọ́n bá yọ díẹ̀, yóò kù díẹ̀. Ojú Ìyá ń rí ẹyìn. Gbogbo rẹ̀ ló dún bí òótọ́.

Nígbà náà ni òmíràn wọlé. Bí mi ò bá gba ọ̀pẹ padà, gbogbo Ìjù-Odò ló máa mọ̀. Bí wọ́n bá yọ owó Tísà, ta ló máa mọ̀? Kò ní ẹ̀gbọ́n tó máa wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Bàbá rẹ̀ ò níí ti Ìkirè wá bi mí léèrè. Ó máa kúnlẹ̀ kí mi, tán.

Mo gun ọ̀kadà Ìjù-Odò. Mi ò mọ èyí tó gbé mi gùn ún nínú àwọn ìdí yẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti Ìyá.

Adéríbigbé pe àgbà méjì sí i. Gbogbo wa lọ sí oko, Ìyá náà lọ, wọ́n ń fi ọ̀pá la igbó. Koríko ṣì wà lábẹ́ ọ̀pẹ, ó dé orúnkún. Adéríbigbé ka owó náà, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ kan, ó fi í lé Ìyá lọ́wọ́. "Ìyá, mo dá tiyín padà o. Ẹ bá mi wí bí mo bá ti bà á jẹ́ níbì kan." Ìyá wo òkè, ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ọ̀pẹ kan. Wọ́n ní èyí tó wà létí odò yẹn, bàbá mi ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí mi, àwọn ò rí orí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó ṣe ojú. Mo yíjú pa dà.

Nígbà tí a délé, Ìyá gbé imọ̀ náà lé itan. Wọ́n ní, "Ta ló wá kù nílẹ̀?"

Mo ní kò sí.

Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú ojú tí a fi ọ̀pẹ tún ṣe.

Mo ní Tísà kan ni, ó dúró fún mi ní kọpuretífù, wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni?" Mo ní kì í ṣe ará ibí. Wọ́n ní, "Mo bi ọ́ pé ọmọ ta ni." Mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mi ò bi í rí.

Nígbà tí mò ń lọ, Ìyá ò di púpurú fún mi.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Owó oṣù wọn ti wọlé. Tísà ò pè. Èmi ni mo pè é. "Wọ́n ti yọ ọ́, Bọ̀dá." Mo ní kó má bínú, màá máa fún un lóṣooṣù, ìyókù ayé mi. Ó ní kò burú. Ó ní òun gbọ́ pé a ti gba oko Ìyá padà. "Ẹ kú oríire."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọlé. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo kó owó díẹ̀ lọ fún Gbádégẹṣin. Ó ní kí n máa gbé e fún Tísà fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ ò bá mi ní nǹkan ṣe mọ́. Mi ò ì tíì lè lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

A fún epo àkọ́kọ́. Ó pupa, ó sì ń ta sánsán dé ojú títì. Mo rò pé Ìyá máa kọ́kọ́ bu tiwọn. Wọ́n bu kẹ́ẹ̀gì kan kún, wọ́n fi ọ̀rá dì í lẹ́nu, wọ́n tì í sí mi. "Gbé e fún ọmọ yẹn. Sọ fún un pé èmi ni mo fi ránṣẹ́. Má sọ pé ìwọ ni."

Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Mo ti lọ.

Mi ò bá Tísà níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Ó ti kúrò nínú ilé oníyàrá méjì, ó ti kó lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ọgbà ilé ìtajà, nítorí owó ilé. Àwọn àpótí rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá ò gbà wọ́n. Ọmọ rẹ̀ Olúwadára jókòó lórí ọ̀kan, ó ń ka ìwé. Ó dìde kí mi. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́.

Tísà jáde, ó kúnlẹ̀. Mo ní Ìyá mi ló ní kí n gbé epo yìí wá. Ó tú ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. "Èyí mà ni epo. Wọn ò tíì bu omi kan sí i." Ó bi mí pé èló ni kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jà Ìlútítun báyìí. Mo ní mi ò tà á, Ìyá ló fún un. Ó tún bi mí. Mo dá a lóhùn nítorí pé mo rò pé ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú owó, ó ti pé, àwọn bébà owó kéékèèké wà nínú rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó mú ọwọ́ náà, ó ká àwọn ìka mi lé owó lórí bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé tí a rán níṣẹ́.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé epo wọn dára, mo sì rà á."

Mo ní, "Tísà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ní, "Tí mo bá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, Bọ̀dá, ẹ máa sùn dáadáa." Kò gbé ohùn sókè. Ọmọ rẹ̀ ò tilẹ̀ wo wá.

Mo kọjá níwájú ọ́fíìsì Gbádégẹṣin, wọ́n ti tì í. Àti pé ta ni màá san án fún? Bí mo bá kó o padà fún Tísà, owó ara rẹ̀ ni mo fi ń san gbèsè rẹ̀ fún un. Bí mo bá kó o fún Ìyá, wọ́n máa bi mí léèrè ohun tó sọ. Jùlí ní owó ọbẹ̀ ti tán láti àná, mo ní kò sí owó lọ́wọ́ mi.

Owó epo náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi. Ẹ̀wù náà ni mo wọ̀ tí mo fi ń kọ èyí.